Ixora, hibiscus àbí bougainvillea: èwo ló yẹ iwájú ilé yín?

Ixora mẹ́rìnlá ni mo gbìn sí ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì lọ́dún tí a kó wọ ilé tuntun wa n'Íbàdàn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ewé wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ewé tuntun tó ń yọ lórí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: ojú ewé á pupa rúsúrúsú, ṣùgbọ́n iṣan inú rẹ̀ á ṣì tutù minimini, àfi bí ẹni fi bírò fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára. Mo bomi rin wọ́n, kò gbọ́. Mo da fatiláísà sí wọn nídìí, kò gbọ́. Mo ra oògùn kòkòrò, mo fín in títí omi fi ń kán lára ewé, ibì kan náà ló wà. Nígbà tó sú mi, mo já ẹ̀ka kan, mo mú un tọ ìyá àgbà kan tó ń ta òdòdó létí títì lọ.

Wọ́n yí ewé náà síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ògiri lo gbìn ín sí, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kòkòrò kọ́ ló ń ṣe é. Lọ gbẹ́ ìdí rẹ̀ wò, sìmẹ́ǹtì lo máa bá níbẹ̀."

Mo délé, mo gbé ọkọ́. N kò tíì gbẹ́ ẹ jìnnà tí mo fi bá àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, ìṣùpọ̀ kọnkéré tí àwọn bíríkìlà dànù, àti odindi àpò sìmẹ́ǹtì kan tí òjò ti pa, tó ti gan bí òkúta. Orí ìyẹn ni mo gbin òdòdó tó kórìíra sìmẹ́ǹtì sí, tí mo wá ń bá kòkòrò tí kò sí níbẹ̀ jà.

Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé òdòdó wo ló dára jù, ibi tó fẹ́ gbìn ín sí ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní àìsàn òdòdó, ibi tí a gbìn ín sí ló mú un wá. Mẹ́ta tí ojú wa mọ̀ jù ni mo fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbí. Lẹ́yìn náà, màá fi àwọn oògùn tí à ń lò fún wọn wéra pẹ̀lú, torí ibẹ̀ gan-an lowó wa máa ń bá lọ.

Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó wo òdòdó

Ẹ jáde síta láago mẹ́jọ àárọ̀, láago méjìlá ọ̀sán àti láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo ibi tí òjìji ilé dé. Ìyẹn ló máa sọ iye wákàtí tí oòrùn fi ń pa ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ da garawa omi kan sí i. Bí omi náà bá fà tán láàárín wákàtí kan sí méjì, ilẹ̀ yín dára. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí omi ṣì dúró síbẹ̀, ilẹ̀ amọ̀ ni, gbòǹgbò á máa jẹrà nínú rẹ̀, àfi kí ẹ wa ebè gíga sórí rẹ̀. Níkẹyìn, bí ibẹ̀ bá sún mọ́ ògiri ilé tàbí fẹ́ǹsì tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ, ẹ má gbìn nǹkan kan síbẹ̀ láìgbẹ́ ẹ wò. Mo ti sọ ohun tí ojú mi rí.

Àwọn mẹ́ta náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Ixora | Hibiscus | Bougainvillea |
|---|---|---|---|
| Oòrùn | wákàtí 4 sí 6 ti tó o | wákàtí 5 tàbí 6 | wákàtí 6, kò gbọ́dọ̀ dín |
| Omi | kí ìdí rẹ̀ máa tutù díẹ̀díẹ̀ | púpọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn | díẹ̀; kí ilẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún bu sí i |
| Ilẹ̀ | tí kò ní sìmẹ́ǹtì àti eérú | tó lọ́ràá, tó ní ajílẹ̀ | èyíkéyìí tí omi kì í dúró sí |
| Bó ṣe ń dàgbà | díẹ̀díẹ̀ | kíákíá | kíákíá, ó sì ń gun nǹkan |
| Ìgbà tó ń tanná jù | fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ yíká ọdún | fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ yíká ọdún | ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn |
| Ohun tó ń dà á láàmú | ewé pípọ́n | kòkòrò funfun bí òwú | omi tó pọ̀ jù |

Ixora. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, a máa ń fa ìdí òdòdó rẹ̀ yọ láti mu omi dídùn tó wà nínú rẹ̀. Láti gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka ni èyí tó pupa fòò tí a ń gbìn jù ti wá. Bí ẹ bá fẹ́ ìlà tó gún régé létí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, kò sí èyí tó dára tó o, torí ewé rẹ̀ ki, kì í sì í ga lójijì. Kò yẹ kéèyàn kánjú pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó dí lójú láàárín oṣù mẹ́fà, á já yín kulẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí ixora ni ti àlùmọ́gàjí. Orí ẹ̀ka gan-an ni ixora ti ń rudi. Ẹni tó bá ń gé e ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì kó lè tẹ́jú bí tábìlì, òdòdó ló ń gé dànù, á wá máa ṣe kàyéfì pé ewé nìkan lòun ń rí. Ẹ jẹ́ kó tanná tán, kí ìdì òdòdó náà rọ, kí ẹ tó gé e. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ti tó.

Hibiscus. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi jù. Ẹ wo òdòdó ilá nínú oko, kí ẹ wo ti hibiscus: ewé òdòdó márùn-ún, ọ̀pá kan tó nà jáde láàárín. Ìbátan ni wọ́n. Ìṣápá tí a fi ń ṣe sobo wà nínú ìdílé náà, òwú pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ohun tí èyí já sí fún olódòdó ni pé kòkòrò tó ń jẹ ilá máa ń rìn wá sórí hibiscus, ti orí hibiscus náà á sì padà sórí ilá. Bí ẹ bá ní ebè ilá lẹ́yìn ilé, ẹ gbé hibiscus lọ síwájú ilé.

Òdòdó kan kì í ju ọjọ́ kan lọ. Á là láàárọ̀, tó bá fi máa di alẹ́, á ti ká. Èyí kì í ṣe àìsàn, bó ṣe rí nìyẹn. Òmíràn á là lọ́jọ́ kejì. Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni kí ó rudi, kí ìrudi náà sì máa já bọ́ láìtíì là. Ẹ mú ọ̀kan nínú èyí tó já bọ́, kí ẹ fi èékánná là á sí méjì. Bí ẹ bá rí kòkòrò tín-ín-tín nínú rẹ̀ tó ń rìn, ẹ ti mú olè nìyẹn. Ẹ ṣa gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ kó o dànù. Bí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀, omi ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ wá rọ omi lé e lórí bí ìkún omi. Hibiscus kò fẹ́ ìlòkulò bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti ń fún un lómi, ẹ ṣe é déédéé.

Ẹni tó ń gbé ní àdúgbò tí ewúrẹ́ ti ń jẹ kiri, tí kò sì ní géètì, kí ó gbàgbé hibiscus. Ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé rẹ̀ gan-an ni.

Bougainvillea. Ohun aláwọ̀ àlùkò, pínkì tàbí funfun tí à ń pè ní òdòdó rẹ̀ kì í ṣe òdòdó. Ewé ni, tó pa àwọ̀ dà. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ máa rí ohun funfun kékeré mẹ́ta láàárín àwọn ewé aláwọ̀ náà. Òdòdó gan-an nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi ń pẹ́ lórí igi tó bẹ́ẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ní 1767, Philibert Commerson, onímọ̀ ewéko ará Faransé, rí i nítòsí Rio de Janeiro ní Brazil, ó sì fi orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ òkun tó gbé e wá, Louis-Antoine de Bougainville, sọ ọ́.

Bí iwájú ilé yín bá gbóná janjan láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí ẹ kò sì ráyè bomi, òun ni kí ẹ mú. Ẹ̀gún rẹ̀ tún ń bá yín ṣọ́ fẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí ẹ bá ń kẹ́ ẹ, kò ní tanná. Ẹni tó ń da fatiláísà yúríà sí i, tó sì ń bomi rin ín lójoojúmọ́, ewé àti ẹ̀gún ló máa rí. Ìgbà tí òjò bá dá, tí ọ̀gbẹlẹ̀ díẹ̀ mú un, ni ó ń fi ẹwà rẹ̀ hàn. Ẹ wo Ìbàdàn láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, ẹ máa rí i lórí fẹ́ǹsì kiri. Bó bá tanná tán, ẹ gé e, torí ara ẹ̀ka tuntun ni òmíràn ti máa jáde. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn; ẹ̀gún náà ń dun ni ju bó ṣe rí lójú lọ. Bí àwọn ọmọ kéékèèké bá ń sáré ṣeré gba ojú ọ̀nà yẹn, ẹ má gbìn ín síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí òkun l'Ékòó, tí atẹ́gùn oníyọ̀ ń fẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín, bougainvillea ń fara da ìyẹn ju àwọn méjì yòókù lọ.

Àwọn mìíràn, ní ṣókí

Róòsì: mo mọ̀ pé ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lára rẹ̀. Ní ìlú tí òjò ti pọ̀, tí afẹ́fẹ́ sì tutù rinrin bí Èkó, àmì dúdú tí èbu ń fà á máa yọ sí ewé rẹ̀ lára, ewé á wọ́ dànù títí á fi ku ọ̀pá lásán. Bí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má gbìn ín, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ máa bu omi sí láàárọ̀, ẹ má da omi lé ewé lórí, kí ẹ sì máa ṣa gbogbo ewé tó bá já sílẹ̀.

Periwinkle, èyí tó kúrú tó ń tan òdòdó pínkì tàbí funfun, tó ń hù lára pálapàla ògiri pàápàá: òun ni mo máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti Madagascar ló ti wá. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti rí vincristine àti vinblastine, oògùn jẹjẹrẹ tí àwọn dókítà ń lò ní ilé ìwòsàn. Nítorí ìyẹn gan-an ni mo ṣe ń bẹ yín pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sè é mu nílé. Agbára oògùn náà ló sọ ọ́ di májèlé. Omi tó bá dúró ní ìdí rẹ̀ ló ń pa á.

Ṣọkọ tí à ń sè lọ́bẹ̀, tó ń yọ orí pupa tàbí òdòdó elése àlùkò bí ẹ bá fi í sílẹ̀, òdòdó ni lọ́dọ̀ àwọn ará òkèèrè, wọ́n ń gbìn ín síwájú ilé. Kò sí ohun tó ní kí àwa náà má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú ni kòkòrò inú ilẹ̀ tí ojú kì í rí: bó bá kọ̀ láti dàgbà, ẹ fà á tu, kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá ṣe kókó kókó, ẹ má tún gbin ṣọkọ síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òdòdó marigold ni kí ẹ gbìn síbẹ̀ nípọn, torí ó ń dín kòkòrò náà kù.

Ẹ má sì gbàgbé pèrègún àti akòko. Àwọn baba wa kò ra òdòdó létí títì, síbẹ̀ wọ́n ní ọgbà tó tutù. Ẹ gé ọ̀pá akòko, ẹ rì í mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, á hù, á sì tan òdòdó tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín pínkì àti àlùkò. Kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú.

Ewé tó ń pọ́n kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí ọ̀nà mẹ́rin ni ewé ń gbà pọ́n, oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ síra.

Bó bá jẹ́ ewé *tuntun* ló pọ́n, tí iṣan rẹ̀ sì ṣì tutù, ilẹ̀ ni kò jẹ́ kó rí irin, èròjà inú ilẹ̀ tó ń jẹ́ kí ewé tutù, fà. Sìmẹ́ǹtì, ẹfun àti eérú ló ń sọ ilẹ̀ di bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló ṣe ixora mi. Fatiláísà lásán kò lè ràn án lọ́wọ́, torí irin lè wà nínú ilẹ̀ kí gbòǹgbò má lè fà á.

Bó bá jẹ́ ewé *àgbà*, èyí tó wà nísàlẹ̀, ló pọ́n látòkèdélẹ̀, tí orí igi sì ń tutù, ebi ló ń pa á. Òdòdó máa ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ewé àgbà fún ewé ọmọ. Èyí ni fatiláísà tàbí ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa lè wò sàn. Mo ní tó ti jẹrà o. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù á jó o níná.

Bó bá ń pọ́n tó sì ń rọ, tí ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ tí ilẹ̀ náà tutù, omi ló pọ̀ jù. Ẹ wú u díẹ̀, kí ẹ gbóòórùn gbòǹgbò rẹ̀. Gbòǹgbò tó yè máa ń funfun, ó sì máa ń le. Èyí tó ti jẹrà á dúdú, á rọ̀, á sì máa rùn. Àṣìṣe tó ń pa òdòdó jù nìyí: ènìyàn á rí i pé ó rọ, á rò pé òǹgbẹ ni, á tún bomi sí i. Òdòdó tó rọ lọ́sàn-án gangan, tó sì gbé orí sókè nírọ̀lẹ́, kò ní àìsàn kankan, oòrùn ló mú un. Èyí tó rọ láàárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ sá tọ̀.

Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti ìgbà ọyẹ́. Ewé á ṣe wínníwínní, bí ẹni fi orí abẹ́rẹ́ gún un, á wá gbẹ bí ìwé. Ẹ yí abẹ́ rẹ̀ wò nínú oòrùn. Ẹ máa rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti aláǹtakùn, àti àmì pupa kéékèèké tó ń rìn. Gbígbẹ àti eruku ló ń jẹ́ kí wọ́n pọ̀. Ẹ fi rọ́bà omi fọ abẹ́ ewé láàárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mo ti rí i tí omi lásán ṣe é tán.

Omi, ọṣẹ, dongoyárò, eérú tàbí oògùn ọjà?

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀tá tó wọ́pọ̀ jù wò ó: kòkòrò funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ọrùn ẹ̀ka hibiscus bí òwú. Bí ẹ bá tẹ ọ̀kan pa láàárín ìka méjì, omi rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ó ń fa omi inú igi mu, ó sì ń ya omi dídùn sára ewé. Èèrà fẹ́ràn omi dídùn yìí, nítorí náà wọ́n á máa ṣọ́ ọ, wọ́n á máa gbé e láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka bí darandaran. Lórí omi dídùn náà ni èbu ti ń hù, tí ewé fi ń dúdú bí ìdí ìkòkò. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ewé dúdú tàbí ọ̀wọ́ èèrà tó ń gun òdòdó, ẹ má bá dúdú náà jà, ẹ má sì gbájú mọ́ èèrà nìkan. Ẹ wá òwú náà rí.

Omi rọ́bà tó ń tú pẹ̀lú agbára ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Kò ná mi ní nǹkan kan, ó sì ń já púpọ̀ nínú wọn bọ́.

Ọṣẹ ló tẹ̀ lé e. Ṣíbí ìtíì kan ọṣẹ olómi tí à ń fi fọ abọ́, nínú lítà omi kan, nínú ìgò tí a fi ń fín omi. Ẹ má lo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, ó ń jó ewé. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, abẹ́ ewé ni kí ẹ sì dojú kọ. Kòkòrò tó bá kàn lára nìkan ló ń pa, kì í pa ẹyin, nítorí náà ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, nígbà mẹ́ta. Ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan tó ní kò ṣiṣẹ́, kò tíì ṣe é.

Dongoyárò ń pẹ́ ju ọṣẹ lọ kó tó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dé ibi tí ọṣẹ kò dé: kòkòrò tó bá jẹ ewé tí a fín in sí, oúnjẹ á kú lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní lè dàgbà. Ẹ gún ewé tútù rẹ̀, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, torí náà ìrọ̀lẹ́ náà ni tirẹ̀. Fún kòkòrò tó ń jẹ ewé, òun ni mo yàn. Fún ti bí òwú, ọṣẹ ni mo yàn.

Eérú dára díẹ̀ fún ìgbín lásìkò tí òjò kò rọ̀. Òjò kan péré ti tó láti fọ̀ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dà á sí ìdí ixora láéláé. Iṣẹ́ tí sìmẹ́ǹtì ṣe nínú ilẹ̀ mi ni eérú náà máa ṣe. Fún ìgbín, ẹ jáde lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ ṣà á, ọbẹ̀ ni.

Tata aláràbarà, èyí tó ń rùn tó sì ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ lóko, ń jáde bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó bá ṣì kéré, wọ́n máa ń kóra jọ sórí igi kan láàárọ̀ kùtùkùtù tí òtútù ṣì mú wọn. Ẹ na ẹ̀ka náà sínú garawa omi ọṣẹ. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí wọ́n máa hu ìyẹ́, ó ti bọ́ sórí.

Oògùn ọjà ni mo fi sẹ́yìn, tọkàntọkàn ni mo sì fi ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bu ọ̀tápíápíá sómi, wọ́n ń fín in sí òdòdó níbi tí ọmọ ti ń ṣeré. Dichlorvos tó wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń pa ènìyàn. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré, 100ml, ní gbangba ọjà. Oògùn náà tún ń pa oyin àti àwọn kòkòrò tó ń bá yín jẹ kòkòrò burúkú. Kẹrosíìnì tí àwọn kan ń dà sí ìdí òdòdó nítorí èèrà pàápàá, gbòǹgbò ló ń pa. Bí ẹ bá ti dán ọṣẹ àti dongoyárò wò tí ẹ̀ka kan sì kọ̀, ẹ gé ẹ̀ka náà kí ẹ sun ún. Ó yá ju oògùn lọ.

Ìkòkò amọ̀ tàbí rọ́bà?

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nínú fúláàtì, tàbí tí ilẹ̀ yín kún fún sìmẹ́ǹtì bíi tèmi, ìkòkò ni ọ̀nà àbáyọ. Ìkòkò amọ̀ ń mí, omi ń gba ara rẹ̀ jáde, nítorí náà ó ń tètè gbẹ. Bougainvillea fẹ́ bẹ́ẹ̀. Rọ́bà ń pa omi mọ́. Ixora àti hibiscus á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nígbà ọyẹ́. Èyí tó wù kí ẹ lò, kó ní ihò nísàlẹ̀, kí ó sì jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹ bá gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ máa da omi inú abọ́ náà nù, torí ẹ̀fọn ló máa ń bímọ síbẹ̀.

Lọ́dọ̀ olódòdó

Ẹ má mú èyí tó tanná jù. Èyí tó rudi, tí òdòdó rẹ̀ kò tíì là, ló máa tanná nílé yín. Ẹ yí abẹ́ ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò kí ẹ tó nájà. Òwú kan ṣoṣo tó bá wọlé, yóò kárí gbogbo ọgbà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ọ̀rá dúdú tó wà nínú rẹ̀: bí gbòǹgbò bá ti ká ara rẹ̀ yípo bí okùn, ó ti pẹ́ nínú ọ̀rá jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá inú ìbòòji ló wà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sí ìbòòji fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbé e sóòrùn. Àwọn olódòdó wọ̀nyí mọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ẹ má kàn nájà kí ẹ lọ, ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ra, ẹ tọrọ ọ̀pá lọ́wọ́ aládùúgbò nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ní oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún: èyí tó tó pẹ́ńsù nípọn, tó gùn tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà. Hibiscus ló rọrùn jù láti hù, bougainvillea tẹ̀ lé e, ixora ń béèrè sùúrù.

Ní ti ixora mi mẹ́rìnlá, mo hú wọn, mo gbẹ́ kòtò náà títí mo fi bá ilẹ̀ pupa gidi, mo kó àfọ́kù inú rẹ̀ kún bárò mẹ́fà. Ilẹ̀ dúdú àti ewé jíjẹrà ni mo fi dí i, mo sì sún wọn kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì. Márùn-ún kú. Mẹ́sàn-án tó kù yọ ewé tuntun lẹ́yìn òjò kejì, gbogbo rẹ̀ sì tutù, iṣan àti ojú ewé. Níbi tí àwọn márùn-ún náà wà, mo gbé ìkòkò amọ̀ bougainvillea méjì síbẹ̀, ọ̀kan àlùkò, ọ̀kan funfun. Nígbà tí mo padà lọ ra ìwọ̀nyí lọ́wọ́ ìyá àgbà náà, wọ́n bi mí pé, "Ṣé o bá sìmẹ́ǹtì?" Mo ní, "Odindi àpò ni, Mà."